Awọ Omi àti Egbò Ọdún Mẹ́sàn-án

Ẹ fún ara yín láyè, kí ẹ jókòó dáadáa, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè máa rí ẹnu mi bí mo ti ń sọ̀rọ̀. Òjò òwúrọ̀ yìí kò ní í tètè dá. Kòkó kò ṣe é sá, oko kò ṣe é lọ, mo sì ti rí i pé ẹ kò ní í jẹ́ kí n sinmi títí n óò fi sọ ohun tí ẹ ti ń bi mí láti ìjẹta. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọdẹ́gbàmí arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn ni ẹ̀yin mọ̀. Ẹ kò mọ Ọdẹ́gbàmí tó jẹ́ pé bó bá sín nínú igbó, ẹfọ̀n á yà kúrò lọ́nà fún un. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nítòsí ògiri yẹn, kó délé kó bi ìyá ìyá rẹ̀ léèrè. Ọwọ́ mi yìí ti fa ẹkùn ní ìrù jáde nínú ihò rí, mo sì bẹ ẹkùn náà pé kó má bínú, pé ihò òkété ni mo rò pé mo wà.

Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe pẹ̀lú ìbọn àti láìsí ìbọn, èyí tó le jù lọ ni ti egbò ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Ọdẹ́bùnmi ni orúkọ rẹ̀. Mo ṣì ń rá nígbà tí ìyá wa kú, òun ló sì pọ̀n mí títí mo fi lè rìn. Ẹní ló ń hun. Ẹní tirẹ̀ máa ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò á fi ronú kó tó jókòó lé e. Ní ọdún kan, igi kékeré kan ya á lọ́rùn ẹsẹ̀ lẹ́bàá odò, níbi tó ti ń wá ohun tó máa fi hun ẹní. Ọgbẹ́ tó yẹ kó gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá di egbò, egbò náà sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Á súnkì títí ọkàn wa á fi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀, á tún fẹ̀ padà. A da ewé sí i, a da epo gbígbóná sí i. Aládùúgbò kan mú oògùn lílọ̀ kan wá tó jó o lẹ́sẹ̀ bí iná, ẹ̀gbọ́n mi sì fi eyín di aṣọ mú kó má baà ké. Egbò náà kàn ń ṣomi ni.

Ìrora nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Òórùn wà níbẹ̀. Nítorí òórùn yẹn, Ọdẹ́bùnmi kò lọ sáàárín ènìyàn mọ́. Ó ń dá jẹun. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ níyàwó, ojú fèrèsé ló ti wo gbogbo rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n sọ fún àwọn àna pé òun rìnrìn-àjò. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ní ìlú wa Ìpólé nígbà náà, ènìyàn méjìlá ló ní irú egbò bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀, olúkúlùkù sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ẹran lọ fún un. Ó wo ẹran náà, ó wo àdá tó wà ní ìbàdí mi, ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àkàngbé, o ti kun ẹfọ̀n, o mọ oríkèé ara. Ṣé o lè bá mi gé ẹsẹ̀ yìí kúrò?"

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ní kí n bá òun la igi ìdáná. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní oṣù kan. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi oṣù kan ṣe nígbà tí mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó délé, mo ti rántí ọ̀rọ̀ ọdẹ tó kọ́ mi níṣẹ́, pé ní òdìkejì Igbó Àìdúró, adágún kan wà tí omi rẹ̀ ní awọ lójú, àti pé ẹranko tó bá fara gbọgbẹ́ máa ń wá fi ẹsẹ̀ lé e. Mo gbé ìbọn, mo gbé gààrí, mo dé fìlà, mo sì lọ.

Wọ́n ń pè é ní Igbó Àìdúró nítorí pé kò sí igi tó dúró sójú kan níbẹ̀. Ìrókò tí o bá fẹ̀yìn tì á tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ, á sì rìn lọ. Ọ̀nà tí mo bá ti tọ̀ kọjá, bí mo bá bojú wẹ̀yìn, á ti ká ara rẹ̀ bí ẹní. Ẹlòmíràn ìbá ti jókòó sunkún. Èmi kàn ń yínmú sí wọn ni. Ní àárín igbó náà, iwin kan jókòó dí ọ̀nà. Kò ní ẹnu lójú. Ẹnu méjì tó ní, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni wọ́n wà: ti ọ̀tún ń sọ̀rọ̀, ti òsì ń gbé nǹkan mì. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ní òun ni Bèèrè-Kó-Tó-Kọjá, pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni òun óò bi mí, àti pé iyekíye ìgbà tí mo bá ṣì í, ọwọ́ òsì òun á gbé ohun kan tó jẹ́ tèmi mì.

"Kí ló ń sunkún láìní ojú," ni ọwọ́ ọ̀tún bi mí, "tó ń jẹun láìní ẹnu, tó sì ń jí ẹni tó ni ín kí àkùkọ tó kọ?"

Mo ní òjò ni. Ọwọ́ òsì na ara rẹ̀, ó gbé fìlà mi mì. Mo ní iná ni. Ó gbé gààrí mi mì tàpò-tàpò, ó sì gùnfẹ̀. Ó wá ń wo ìbọn mi. Ẹ̀rù kò bà mí o. Mo kàn gbé ìbọn náà pamọ́ sẹ́yìn mi ni. Mo jókòó sílẹ̀, mo dẹ́kun wíwá ọgbọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni mo rí ẹ̀gbọ́n mi lọ́kàn mi, bó ti máa ń jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láti pààrọ̀ aṣọ tó ti rin mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, mo sì dáhùn jẹ́jẹ́ pé egbò ni.

Iwin náà pa àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ dé. Ti ọ̀tún ní ọ̀pọ̀ alágbára ló ti ibẹ̀ padà sílé ní ìhòòhò, nítorí pé iná ni gbogbo wọn máa ń tẹnu mọ́. Ó ní ẹni tó bá ti jókòó ti egbò rí nìkan ló ń mọ̀ ọ́n. Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo kọjá. Kò dá fìlà mi padà.

N kò tíì jáde nínú igbó tán tí mo fi ń gbọ́ ariwo àwọn akéde. Ìlú kan ló wà níwájú, Ajínná-Lójúmọ́ ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọba wọn náà sì nìyẹn. Ní gbogbo ìkóríta, akéde mẹ́ta mẹ́ta dúró lórí àpótí, wọ́n ń ké pé ìpara ọba wọn ń wo egbò sàn kí ọjọ́ kan tó pé. Orí ẹṣin ni ọba náà wà. Ṣòkòtò méje ló wọ̀ lé ara wọn, kì í sì í sọ̀kalẹ̀. Orí ẹṣin ló ti ń jẹun, orí ẹṣin ló ti ń dájọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi. Ó gbé igbá ìpara kan lé mi lọ́wọ́, ó ní òun kò gba nǹkan kan, pé kí n kàn délé kí n sọ fún gbogbo ìlú pé ojú mi ló ṣe tí ìpara náà fi wo ẹgbẹ̀rún ènìyàn sàn. Inú mi dùn. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti fẹ́ yí padà sílé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdẹ ti mọ́ mi lára. Mo máa ń wá ojú ẹsẹ̀ ẹran nílẹ̀ kí n tó gbà pé ẹran kọjá. Mo béèrè bóyá mo lè rí ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún náà. Ọba ní gbogbo wọn ti lọ sílé. Mo bi í pé níbo ni ilé wọn. Àwọn akéde bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí wọn. Ìgbà yẹn ni mo rí eṣinṣin tó bo ṣòkòtò ọba láti orúnkún dé ìsàlẹ̀, atẹ́gùn sì gbé òórùn kan wá sí mi nímú. Mo mọ òórùn náà. Yàrá ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo súnmọ́ ẹṣin náà, mo rọra sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́. "Kábíyèsí, ọdún mélòó ni tiyín?"

Omi lé ròrò sí ojú ọba. Ó ní kí gbogbo ènìyàn kúrò níbẹ̀. Nígbà tó ku èmi àti òun àti ẹṣin, ó ní, "Ọdún mẹ́tàlélógún." Ó wá sọ fún mi pé òun gba ìpara náà gbọ́ nígbà tí òun kọ́kọ́ pò ó. Nígbà tí kò ṣiṣẹ́, ojú ti òun láti sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe ń fi akéde kún akéde lọ́dọọdún. Mo bi í bóyá ó mọ adágún tí omi rẹ̀ ní awọ. Ó mọ̀ ọ́n. Kò jìnnà rárá. Mo ní kí ló wá dé tí kò lọ. Ó ní ẹ̀rù obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ló ń ba òun, nítorí pé kì í ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ó nawọ́ sí ọ̀nà fún mi. Mo dá igbá ìpara rẹ̀ padà, ó sì gbà á láìbínú.

Adágún náà dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín àwọn òkúta dúdú, kò tóbi ju àgbàlá yìí lọ. Obìnrin kan jókòó létí rẹ̀ tó ga tó ọ̀pẹ kékeré. Orí ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ojú rẹ̀ wà, wọ́n ń ṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ-Jẹ́-Á-Wò-Ó ni orúkọ rẹ̀, ohunkóhun tí mo bá sì sọ, ohun tó fi ń dá mi lóhùn nìyẹn. Mo ní mo gbọ́ pé awọ omi yìí ń wo egbò sàn. Ó ní ẹ jẹ́ á wò ó. Mo ní mo ti la ewu ńlá kọjá nítorí rẹ̀. Ó ní ẹ jẹ́ á wo ìyẹn náà, ó sì fi ìka kan yẹ orúnkún mi wò.

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀ mi, ó sọ tirẹ̀. Ó ti fi awọ omi náà sí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín méje, márùn-ún ló sàn. Ó ti fi sí ti iwin mẹ́rin, méjì ló sàn. Kò tíì kan ara ènìyàn rí. Ó lè wò ó sàn, ó lè má ṣe nǹkan kan, ó sì lè dá kún un.

Mo ní, "Ìyá, ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ sọ fún mi pé yóò sàn."

"Mo mọ̀ pé o fẹ́ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Bí mo bá sọ ọ́, ìwọ náà á lọ sọ ọ́ nílé, kò sì ní í sí ẹni tó máa wo ẹsẹ̀ náà dáadáa mọ́. Bá mi dán an wò, ọdẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi dán an wò."

Ó wá là á sílẹ̀ fún mi. Ó ní kí n kó àwọn méjìlá jọ, kí n sọ gbogbo ohun tí òun mọ̀ àti gbogbo ohun tí òun kò mọ̀ fún wọn. Ẹni tó bá gbà, kó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà. Ẹni tó bá sì fẹ́ jáde lẹ́yìn náà, kó jáde láìsí ẹni tó máa bá a wí. Gbogbo wọn ni kí n máa fi omi iyọ̀ tó ti hó, tó sì ti tutù, fọ egbò fún. Gbogbo wọn ni kí n máa fi aṣọ mímọ́ dì lẹ́sẹ̀ láti ọmọ ìka dé abẹ́ orúnkún, kó le díẹ̀, kó má sì dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ìdajì wọn péré ni kí n fi awọ omi sí lábẹ́ aṣọ náà, fún oṣù mẹ́ta gbáko. Èmi kọ́ ni kó yan ìdajì náà, òkúta funfun àti òkúta dúdú ni. Ẹni tó máa wọn egbò kò sì gbọdọ̀ mọ ẹni tó gba awọ àti ẹni tí kò gbà á.

Mo bá a jiyàn. Mo ní ìwà ìkà ni kí ènìyàn ní oògùn lọ́wọ́ kó má fún gbogbo ènìyàn. Ó bi mí pé bí gbogbo wọn bá gbà á, tí ẹsẹ̀ wọn sì sàn, ṣé awọ omi ló ṣe é ni, àbí omi iyọ̀, àbí aṣọ tí mo dì? Mo gbà fún un.

Ká ṣí awọ yẹn kúrò lójú omi ni ìyà gidi. Ó fẹ́lẹ́ bí awọ inú àlùbọ́sà. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé e, bí omi bá sì mì pẹ́nrẹ́n, yóò fà ya. Ẹ̀yin mọ̀ pé mo lè dúró lórí ẹ̀ka igi títí àdàbà á fi bà lé mi léjìká. Síbẹ̀, ìgbà márùn-ún ni mo gbé e tó fà ya, nítorí pé lílù ọkàn mi nìkan ti tó láti mi omi náà. Ìyá náà ní kí n dẹ́kun ríronú nípa bí wọ́n á ṣe máa kí mi nílé. Mo dẹ́kun rẹ̀. Ní ìgbà kẹfà, ó gbéra lódindi. Mo ṣí i títí tó fi kún ìkòkò kan, ó sì ní bí ó bá tán kí n tún wá.

Nígbà tí mo ń padà, mo sọ fún ọba ẹlẹ́ṣin pé kó máa fọ egbò rẹ̀, kó máa dì í, kó sì dá àwọn akéde dúró. Ó ṣe méjì nínú mẹ́ta.

Nígbà tí mo délé, mo kó àwọn méjìlá jọ sí àgbàlá mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún gbọọrọ, wọ́n jókòó pọ̀ ní ojú mọmọ, òórùn kan náà ló sì ń jáde lára gbogbo wọn, nítorí náà kò sí ẹni tó di imú. Mo sọ ọ́ bí wọ́n ti rán mi. Ọ̀jẹ̀wùmí adẹ́mu, tí egbò tirẹ̀ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, tí kò sì gun ọ̀pẹ láti ọdún mẹ́rin, bi mí pé bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ni n óò sọ fún ìlú. Mo ní n óò sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ó ní ó dáa, òun gbà. Àwọn yòókù náà gbà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Oyèéyẹmí ahunṣọ, tí ojú rẹ̀ mú ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ni a ní kó máa wọn egbò. Èmi á ti tú aṣọ ẹsẹ̀ gbogbo wọn, n óò sì ti fọ egbò wọn mọ́ kó tó wọlé. Yóò tẹ́ ewé mímọ́ lé egbò, yóò fi èédú fa ilà yí etí rẹ̀ ká lórí ewé, yóò wá to àgbàdo kún inú ilà náà, yóò sì kà á. Ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ hóró mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn tí Bàbá Oyèéyẹmí ti lọ sílé, mo gbé akèrègbè jáde pẹ̀lú òkúta mẹ́fà funfun àti mẹ́fà dúdú. Funfun ni ti awọ omi. Ọdẹ́bùnmi ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì mú dúdú.

Mo ti sọ ti ẹkùn fún yín. Òkúta dúdú yẹn dẹ́rù bà mí ju ẹkùn lọ. Nítorí ta ni mo ṣe wọ igbó? Ẹ̀gbọ́n mi wo òkúta náà, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn olókùúta dúdú.

Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń fọ egbò fún wọn ní àgbàlá mi. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àgbàdo àwọn kan lára àwọn olókùúta funfun ti ń dín kù kíákíá. Ti ẹ̀gbọ́n mi ṣì jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wé awọ omi kan sínú ewé, mo fi í pamọ́ sábẹ́ agbádá, mo sì lọ bá a nílé rẹ̀ kó tó wá. Mo fọ egbò náà. Mo yọ awọ náà jáde, mo fẹ́ tẹ́ ẹ lé e, àfi bó ṣe gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú.

"Kí nìyẹn?"

"Awọ omi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí ẹni tó máa mọ̀."

"Ìwọ á mọ̀, èmi náà á sì mọ̀." Kò gbé ohùn sókè. "Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń da nǹkan sí mi lẹ́sẹ̀, Àkàngbé. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ bóyá ohun tí òun dà sí i ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kàn ń dà á ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnì kan máa wo ẹsẹ̀ mi títí yóò fi mọ nǹkan kan. Má bà á jẹ́."

Mo bi í pé bí kò bá wá sàn ńkọ́. Ó ní bí awọ náà bá dára, òun á gbà á nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé, bí kò bá sì dára, òun kò pàdánù nǹkan kan. Mo ká awọ náà padà sínú ewé. Bí mo ti ń dì í lẹ́sẹ̀, omijé mi ń kán sórí aṣọ. Ó ní kí n pààrọ̀ aṣọ náà, pé òun kò gbọ́ pé omijé wà lára ohun tí wọ́n ń dán wò.

Nígbà tí oṣù kẹta pé, Bàbá Oyèéyẹmí ka àgbàdo tán ní ojú gbogbo ìlú, lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù wá gbé òkúta rẹ̀ sókè. Nínú àwọn olókùúta funfun mẹ́fà, egbò mẹ́rin ti pa dé, awọ tuntun ń dán lórí wọn. Ọ̀kan ti dín sí ìdajì. Ti Ọ̀jẹ̀wùmí adẹ́mu, tó jẹ́ hóró méjìdínlógún ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ti di mọ́kàndínlógún. Nínú àwọn olókùúta dúdú, ọ̀kan pa dé, mẹ́ta súnkì, méjì wà bí wọ́n ti wà. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó súnkì, tirẹ̀ ku ogún. Mo dìde, mo sọ ọ́ fún ìlú bó ti rí, títí kan ti Ọ̀jẹ̀wùmí. Ọkùnrin náà mi orí sí mi. Mo rí i pé ó dùn ún, mo sì rí i pé inú rẹ̀ dùn pé n kò fi pamọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ awọ omi lára àwọn olókùúta dúdú ń gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá lẹ́yìn náà, Bàbá Oyèéyẹmí tẹ́ ewé lé ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé èédú, kò sì rí ohun tó máa fa ilà yí ká. Ó tẹ ojú rẹ̀ mọ́ ọn. Ó bi wá pé ṣé ẹsẹ̀ kejì ni. Ọdẹ́bùnmi fi ọwọ́ bo ojú egbò àtijọ́ náà, ó fi ọwọ́ síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gba àárín ìlú kọjá ní ọ̀sán gangan, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ àti àwọn àna rẹ̀ jẹun nínú àwo kan náà.

Nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ lọ jábọ̀ fún ìyá adágún, ó ní òun náà á lọ. Mo ní ọ̀nà náà le. Ó ní òun kò fi ẹsẹ̀ òun ṣe nǹkan kan láti ọdún mẹ́wàá, kí n jẹ́ kí òun lò ó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jọ la Igbó Àìdúró kọjá, ìgbà mélòó kan ni mo sì ní kó dúró dè mí.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Ẹ-Jẹ́-Á-Wò-Ó, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló fi wo ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Omijé bọ́ lójú mẹ́ta nínú wọn. Mo wá gbé àyà síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn àwọn mẹ́rin tó sàn. Ó gbé ìka kan sókè.

"Àwọn tó sàn kò nílò mi mọ́," ló wí. "Sọ ti ẹni tí kò sàn fún mi."

Èmi tí mo la igbó iwin já, n kò mọ̀ ju pé hóró mọ́kàndínlógún ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀. Gbogbo ọjọ́ tí mo ń fọ egbò ni ó ti ń jókòó ti Ọ̀jẹ̀wùmí, wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀. Ó ní òùngbẹ máa ń gbẹ ọkùnrin náà láti àárọ̀ dé alẹ́. Ó ní èèrà máa ń ṣù bo ibi tó bá tọ̀ sí. Ó ní lọ́jọ́ kan ẹ̀gún wọ̀ ọ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀, òun ló rí i fún un, nítorí pé kò mọ̀ ọ́n lára rárá.

Obìnrin gíga náà tẹ̀ síwájú títí ojú ìka rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀gbọ́n mi lójú. Ó ní ohun tí òun ń wá gan-an nìyẹn. Egbò ẹ̀gbọ́n mi àti ti Ọ̀jẹ̀wùmí jọra lójú, ṣùgbọ́n ohun tó ń bọ́ ti ọkùnrin náà wà nínú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ní ojú ẹsẹ̀, ó sì tún ń tẹ egbò náà mọ́lẹ̀ nígbà gbogbo tó bá rìn. Ó ní òun ní ohun kan tí òun rò pé ó lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀. Ó bi wá bóyá ọkùnrin náà á gbà kí a tún dán nǹkan wò.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á bi í léèrè fúnra òun, pé bó bá sì kọ̀, òun á kí i, òun á máa bọ̀ wá sílé.

Ọ̀rọ̀ mi ń parí lọ. N kò ní í sọ ju ohun tí ojú mi tó, nítorí náà ẹ má béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibi tí n kò sí. A bá Ọ̀jẹ̀wùmí níbi tó jókòó sí nídìí ọ̀pẹ kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ gbogbo rẹ̀: ohun tí a mọ̀, ohun tí a kò mọ̀, àti pé ó lè pẹ́. Ọ̀jẹ̀wùmí bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn mẹ́ta. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, ó sọ fún un pé òun kò mọ ìdáhùn rẹ̀, pé ìdáhùn yẹn gan-an ni a fẹ́ lọ wá.

Ọkùnrin náà wo ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú aṣọ tó fi di àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ náà sí wa.